Ohun tí mo rí kọ́ nídìí gbígbé ètò DOS lọ sórí Linux

Bí ẹnì kan bá gbé ètò àtijọ́ tí wọ́n kọ fún DOS, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà kí Windows tó gbòde, wá bá mi pé kí n bá òun mú un ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tuntun, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń béèrè ni pé, "Ibo ló ń tẹ̀wé sí?" Ó máa ń ya wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ti múra láti sọ iye ọdún tí wọ́n ti ń lò ó fún mi, bó ṣe yára tó, àti bí àwọn ètò òde òní ò ṣe tó o. Èmi ò tíì débẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tí ètò náà gbójú lé lára ẹ̀rọ tó ń gbé inú rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni wàhálà máa ń sá pamọ́ sí. Kí ètò náà fúnra rẹ̀ dìde kì í pẹ́ rárá.

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Ìbàdàn ló kọ́ mi ní èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Ètò kan tí wọ́n fi Clipper, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò lórí DOS, kọ ni wọ́n fi ń tọ́jú ìwé owó wọn: owó ìfipamọ́ oṣooṣù, ìpín, ẹ̀yáwó, èlé, orúkọ àwọn oníduùró. Ẹni tó kọ ọ́ ti kúrò nílùú, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Kọ̀ǹpútà Windows XP tó wà lórí rẹ̀ ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ra tuntun, wọ́n da fódà náà kọ sínú rẹ̀, wọ́n tẹ orúkọ ètò, Windows ní nǹkan yìí kò lè ṣiṣẹ́ níbí. Àwọn tó ta kọ̀ǹpútà fún wọn ní kí wọ́n gbàgbé ohun àtijọ́, kí wọ́n wá ra ètò tuntun tí wọn yóò máa san owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Màmá akápò ní láéláé.

"Ẹnjiníà," ni màmá wí fún mi, "ètò yẹn ò tíì ṣi owó ẹnikẹ́ni kà rí. Kí ló ṣe tí a fẹ́ lé e lọ?"

Mi ò rí èsì kankan fọ̀ fún wọn.

Kò sí àrùn lára ètò náà lóòótọ́. Ètò bíìtì 16 ni, ìyẹn ni pé processor tó ń gbé bíìtì 16 lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n kọ ọ́ fún. Windows tó jẹ́ bíìtì 32 ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní NTVDM tó máa ń gba ètò DOS lálejò. Èyí tó jẹ́ bíìtì 64 kò ní in. Ara processor, tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Bí processor Intel tàbí AMD bá ti bọ́ sí ipò bíìtì 64, agbára tó fi ń ṣe bí 8086 ìgbà láéláé, tí wọ́n ń pè ní virtual 8086 mode, kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Windows 10 ṣì ní ẹ̀dà bíìtì 32. Windows 11 kò ní in rárá. Ẹni tó bá ń retí pé Windows yóò tún ṣílẹ̀kùn fún ètò DOS òun, kó yáa wá ibòmíràn lọ.

Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, náà kò gbọ́ èdè DOS, àmọ́ àwọn kan ti ṣiṣẹ́ ògbufọ̀ náà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí a tó yan ọ̀kan nínú wọn, ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n ń túmọ̀. DOS tí Tim Paterson kọ ní Seattle Computer Products ní 1980, tí Microsoft rà lọ́wọ́ wọn ní 1981 fún kọ̀ǹpútà IBM, rọrùn ní bíbá sọ̀rọ̀. Ètò tó bá fẹ́ ṣí fáìlì á fi nọ́ńbà iṣẹ́ tó fẹ́ sínú AH, àpò kékeré kan nínú processor, á ké sí INT 21h, ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà pe DOS, DOS á sì dá a lóhùn. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ètò ló tọ ojú ọ̀nà yìí ni, iṣẹ́ wa ì bá fúyẹ́. Ṣùgbọ́n DOS kì í yára kọ nǹkan sójú kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń kọ ètò nígbà náà kò sì ní sùúrù. Wọ́n ń fò ó kọjá, wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sínú mẹ́mọ́rì ojú kọ̀ǹpútà ní àdírẹ́sì B800 tààrà. Wọ́n ń bi BIOS, ètò tó ti wà nínú ẹ̀rọ látilẹ̀, ní aago. Wọ́n ń da báìtì sí ẹnu ihò ìtẹ̀wé láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí títúmọ̀ INT 21h nìkan kì í fi í tó. Ó di dandan kí a kọ́ odindi kọ̀ǹpútà ayédèrú fún ètò náà, kí ó lè gbà pé ilé lòun ṣì wà.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé DOSBox, ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà ayédèrú náà, ni kí o lò fún ohun gbogbo. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. DOSBox, tó jáde ní 2002, eré orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, wọn ò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣe processor fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nítorí náà ó ń ṣiṣẹ́ lórí Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ní processor Intel, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí Intel, ìyẹn sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nínú rẹ̀. Fún iṣẹ́ ọ́fíìsì, dosemu2 tàbí DOSBox-X ni mo máa ń mú. dosemu2 máa ń lo processor gidi tó wà nínú ẹ̀rọ nípasẹ̀ KVM, apá kan nínú Linux, DOS tó sì wà nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fà yọ lára FreeDOS, iṣẹ́ tí Jim Hall dá sílẹ̀ ní 1994 nígbà tó gbọ́ pé Microsoft fẹ́ pa MS-DOS tì. Bó bá sì jẹ́ ètò tí kò ní ju kó gba àṣẹ kó sì tẹ èsì jáde, bíi kọ̀ǹpáílà àtijọ́ tó ń sọ àṣẹ tí ènìyàn kọ di ètò, emu2 ni mo fẹ́ràn. Kékeré ni, inú tẹ́mínà, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣí fèrèsé kankan, o sì lè fi í sínú script, fáìlì àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, bí àṣẹ Linux yòókù. EMU2_DRIVE_C ni wàá fi sọ fódà tó dúró fún C: fún un.

Ohun kan péré ni kí o ṣọ́ra fún tí o bá ń fi script ké sí ètò DOS: gbogbo ohun tí o bá kọ tẹ̀ lé orúkọ ètò kò gbọdọ̀ ju létà 126 lọ. Àyè tí DOS yà sọ́tọ̀ fún un kò ju bẹ́ẹ̀. Orúkọ fódà Linux tó gùn lè jẹ àyè náà tán kí o tó dé orí ohun tí o fẹ́ sọ.

Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà, mi ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà tuntun. XP àtijọ́ ni mo jókòó tì. Ẹ̀rọ tí ètò kan ti ń ṣiṣẹ́ láìsí ìjà ni ìwé ìlànà tó péye jù lọ fún ètò náà, kódà bí ẹnì kan bá ti kọ ìwé ìlànà fún un. Fáìlì méjì tí DOS máa ń kà bó bá ń dìde ni mo máa ń wá, CONFIG.SYS àti AUTOEXEC.BAT. Lórí XP, CONFIG.NT àti AUTOEXEC.NT ni wọ́n ń jẹ́, inú fódà SYSTEM32 sì ni wọ́n wà, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí. Mo bá ìlà kan níbẹ̀ tí ẹnì kan ti tún ṣe: FILES=120.

FILES ni iye fáìlì tí DOS gbà kí wọ́n ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o kò bá kọ nǹkan kan, 8 ni DOS máa fi sí i. Ètò Clipper tó ń ṣí fáìlì àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ti ìfipamọ́, ti ẹ̀yáwó, pẹ̀lú àtọ́ka NTX méjì sí mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibo ni 8 máa gbé e dé? SET CLIPPER=F:120 wà nínú fáìlì kejì, láti sọ ohun kan náà fún Clipper fúnra rẹ̀. Ká ní fódà ètò nìkan ni a kó lọ sórí Linux, ìlà méjèèjì yìí ì bá ṣẹ́kù sẹ́yìn. Ètò náà ì bá dìde, ì bá ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀, kó tó ṣubú lulẹ̀ lọ́sàn-án nígbà tí ẹnì kan bá béèrè ìròyìn tó nílò fáìlì púpọ̀. Gbogbo ènìyàn ì bá sì máa di ẹ̀bi ru Linux.

Ìlà kẹta dùn mọ́ mi jù wọ́n lọ. SUBST F: C:\OFFICE. Ìyẹn ni pé ètò náà gbà pé orí F: ni ìwé owó wà, ẹnì kan sì ń fi ọgbọ́n sọ fódà kan lórí C: di F:. Kí ló dé tó fi jẹ́ F:? Nígbà ayé Novell NetWare, ètò tó ń jẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà pín fáìlì tó wà lórí sáfà kan, F: ni dírááfù tí sáfà máa ń gbà. Mo bi bàbá akọ̀wé léèrè bóyá wọ́n ti lo sáfà rí. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà ní ọ́fíìsì àtijọ́ kí wọ́n tó kó wá síbí, wọ́n ti tà á fún àwọn tó ń ra irin. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé ètò náà mọ bí ènìyàn méjì ṣe ń lo ìwé kan náà pọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn máa wúlò fún mi níwájú. Lórí dosemu2, mo kàn fi fódà Linux kan ṣe F:, ètò náà ò sì mọ̀ pé òun ti kúrò nílé.

Lórí ọ̀rọ̀ fódà, mo ní ìkìlọ̀ kan. Linux gbà pé Members.dbf àti MEMBERS.DBF jẹ́ fáìlì méjì. Lójú DOS, ọ̀kan ni wọ́n. Bí ẹnì kan bá fi fláàṣì gbé ìwé owó wá láti ara Windows, tí orúkọ rẹ̀ wá pẹ̀lú létà kékeré, ó lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti wà níbẹ̀ láìsí ìkìlọ̀ kankan, kí ètò náà máa ka ọ̀kan, kí ìwọ máa wo èkejì. Mo máa ń sọ gbogbo orúkọ di létà ńlá kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Aago ni ọ̀rọ̀ tó tún máa ń da àwọn ènìyàn láàmú. Ti ẹgbẹ́ náà kò ní ìṣòro yìí, àmọ́ olùkọ́ kan tí mo mọ̀ ní ètò kan tí wọ́n fi èdè Turbo Pascal kọ, tó fi ń ṣe èsì ìdánwò àwọn ọmọ ilé ìwé. Bó bá ti tẹ orúkọ rẹ̀, "Runtime error 200" ló máa rí, ètò á sì jáde. Ìwé ní àṣìṣe 200 túmọ̀ sí pé o pín nọ́ńbà sí ọ̀nà òdo. Olùkọ́ náà wá gbogbo ìṣirò inú ètò rẹ̀ láti òkè délẹ̀, kò rí òdo kankan. Kò lè rí i, torí pé kò sí níbẹ̀. Bí ètò tó ń lo CRT, apá Turbo Pascal tó ń bójú tó ojú kọ̀ǹpútà, bá ti ń dìde, ohun tó kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kó ka iye ìgbà tí òun lè yípo kí aago kọ̀ǹpútà tó dún lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 55, kó sì fi 55 pín in, kó lè mọ bí òun ṣe máa dúró nígbà tí wọ́n bá ní kó dúró díẹ̀. Ibi tí wọ́n fi èsì sí kò gbà ju 65,535 lọ. Ní 1992 tí Borland gbé Turbo Pascal 7 jáde, kò sí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó lè yípo tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Pentium II dé, èsì náà kún àkúnwọ́sílẹ̀. Processor wá ń pariwo pé ìpín kò ṣeé ṣe, Pascal sì ń sọ ariwo náà di òdo.

Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni àtúnṣe rẹ̀ lórí DOSBox: kọ cycles=3000 sínú config rẹ̀, fáìlì tó ń sọ bó ṣe máa ṣiṣẹ́, kí kọ̀ǹpútà ayédèrú náà máa rìn bí arúgbó. Fún irú ètò yìí, DOSBox ló dára ju dosemu2 lọ, torí pé dosemu2 ń lo processor gidi pẹ̀lú gbogbo eré rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ dẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀, àwọn kan ti ṣe ètò kékeré tó ń tún fáìlì EXE náà ṣe látinú.

Ìdàkejì rẹ̀ wà pẹ̀lú. Ètò DOS kì í sinmi. Bó bá ń retí kí o tẹ bọ́tìnnì, ńṣe ló máa ń bi kíbọọ̀dù léèrè láìdákẹ́, "ó ti tẹ̀ ẹ́? ó ti tẹ̀ ẹ́?" DOS kò ní iṣẹ́ mìíràn tó fẹ́ fi processor ṣe, kò sì sí ìdí fún ìsinmi. Lórí láptọ́ọ̀pù, fáànù á máa ké, bátìrì á sì máa jò. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. dosemu2 ní ìlà kan nínú config rẹ̀, $_hogthreshold, tó ń jẹ́ kó fura pé ètò kàn ń dúró lásán ni, kó sì fi processor sílẹ̀. Mo tún nọ́ńbà rẹ̀ ṣe títí ariwo fáànù fi wálẹ̀. Bàbá akọ̀wé ló kọ́kọ́ sọ pé bátìrì ti ń pẹ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ létà kò le, ìrísí rẹ̀ ló ń dẹ́rù bani. DOS ń lo tábìlì IBM tí wọ́n ń pè ní CP437, báìtì kan fún létà kan, àyè 256 lápapọ̀. UTF-8, tábìlì tó gba létà gbogbo èdè, ni Linux ń lò. Bí o bá fi ohun tí kò mọ CP437 ṣí ìròyìn tí ètò DOS kọ, òkè àpótí ╔══╗ á di ÉÍÍ», ẹni tó bá rí i á sì sọ pé fáìlì ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o. Àṣẹ Linux kan ló máa yí i padà: iconv -f CP437 -t UTF-8, ó tán.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ níbí. Nínú àyè 256 yẹn, à, è, ì, ò, ù wà; á, é, í, ó, ú náà wà. Ẹ, ọ àti ṣ ni kò sí. Gbogbo Fọláṣadé inú ìwé ẹgbẹ́ náà, FOLASADE ni wọ́n, kò sì sí ohun tí ẹni tó kọ ètò náà lè ṣe sí i. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni ti owó. Peseta ilẹ̀ Spéènì ní àmì tirẹ̀ nínú tábìlì náà, ₧, ní àyè 158. Náírà tí a ti ń ná láti 1973 kò ní. N lásán ni ètò wọn ń tẹ̀. Spéènì ti gba yúrò, peseta ti kúrò lọ́jà láti 2002, síbẹ̀ àyè 158 ṣì jẹ́ tirẹ̀. Mo bi bàbá bóyá kí n sọ N di ₦ nínú ìwé tí a máa tẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Bàbá ní kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ má baà rò pé wọ́n ti pààrọ̀ ìwé mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ó wá ku ìwé títẹ̀, tí mo ti ń dárúkọ láti òkè.

Ẹ̀rọ dot matrix ni wọ́n ń lò, èyí tí ariwo rẹ̀ ń dé ìta, tí bébà rẹ̀ ní ihò létí méjèèjì. Ètò wọn kì í bá Windows sọ̀rọ̀ kó tó tẹ̀wé. LPT1, ihò ìtẹ̀wé àtijọ́, ló ń da báìtì sí tààrà, àwọn báìtì náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan. Àṣẹ Epson wà láàárín wọn. Báìtì 27 tí @ tẹ̀ lé ń dá ẹ̀rọ padà sí ipò ìbẹ̀rẹ̀. Báìtì 15 ní kó fún létà pọ̀, nǹkan bíi 17 nínú ínṣì kan dípò 10, kí ìlà tó ní létà 132 lè wọ bébà tí ì bá gba 80. Báìtì 12 ní kó bọ́ sí ewé tuntun. Láptọ́ọ̀pù tuntun kò ní ihò LPT kankan. Dot matrix fúnra rẹ̀ ti rẹ̀, ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ sì ti ń ṣọ̀wọ́n lọ́jà.

dosemu2 gbà kí o sọ pé ohunkóhun tó bá wọ LPT1 kí ó gba inú àṣẹ Linux kan kọjá. DOSBox-X lè kó o sínú fáìlì. Mo kọ script kékeré kan tó ń ka àwọn báìtì náà, tó ń sọ 15 di létà kékeré, 12 di ewé tuntun, tó ń yí CP437 padà sí UTF-8, tó sì ń gbé PDF jáde fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà. Ètò náà tún máa ń bi BIOS léèrè bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ṣe tán. Ẹ̀rọ ayédèrú gbọ́dọ̀ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí kò bá rí èsì, ètò á jókòó síbẹ̀ á máa bẹ̀ ọ́ pé kí o tan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Màmá akápò gba ìwé tuntun náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó títí. Létà rẹ̀ mọ́, kò sí ìlà tó wọ́. "Ẹnjiníà, èyí rẹwà. Àmọ́ kì í ṣe tiwa."

Mo ní, "Màmá, owó tó wà níbẹ̀ ò yí padà o."

"Mo mọ̀. Ibi tí mo máa ń fi àmì sí ló yí padà."

Wọ́n mú ìwé oṣù tó kọjá wá, wọ́n tẹ́ méjèèjì sílẹ̀. Lórí ìwé àtijọ́, orúkọ kan náà máa ń bọ́ sí ibì kan náà lójú ewé lóṣooṣù. Àwọn olùṣàyẹ̀wò owó ń fi ìwé méjì léra, wọ́n ń fi pẹ́ńsù tọ̀ ọ́ wálẹ̀ ìlà dé ìlà. Fọ́ǹtì tí mo yàn ti mú kí àlàfo ìlà yàtọ̀ díẹ̀, díẹ̀ yẹn sì tó láti ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Ohun tí Epson ń ṣe ni ìlà 6 nínú ínṣì kan, bébà onínṣì 11, ìlà 66 lójú ewé kan. Mo fi nọ́ńbà wọ̀nyí sínú script bí wọ́n ṣe wà, mo yan fọ́ǹtì tí gbogbo létà rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba, mo tún un tẹ̀. Màmá fi méjèèjì léra lójú fèrèsé, wọ́n wo ìmọ́lẹ̀ kọjá, wọ́n sì mi orí.

Ìwé owó fúnra rẹ̀ wà nínú fáìlì DBF, irú èyí tí dBASE sọ di gbajúmọ̀. Bí mo bá rí fáìlì tó rọrùn bẹ́ẹ̀, inú mi máa ń dùn: báìtì 32 níwájú tó ń sọ iye àkọsílẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, báìtì 32 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan òpó, lẹ́yìn náà àkọsílẹ̀ tẹ̀ lé àkọsílẹ̀. Báìtì àkọ́kọ́ àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ àyè òfìfo, àfi bí wọ́n bá ti pa á rẹ́. Bí wọ́n bá pa á rẹ́, ìràwọ̀ ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀, *. Gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Orúkọ, owó, ọjọ́, gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi pàṣẹ PACK, tó ń nu wọ́n kúrò pátápátá. Bàbá akọ̀wé ti ń wá ìwé ẹ̀yáwó ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ti fẹ̀yìntì, tí ọmọ rẹ̀ wá ń béèrè owó ìpín bàbá rẹ̀. Nínú ètò, kò sí i. Nínú fáìlì, ó wà lẹ́yìn ìràwọ̀, pẹ̀lú gbogbo owó tó ti san. Láti ìgbà náà, bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ PACK láìkọ́kọ́ da fáìlì náà kọ síbòmíràn.

Ẹni tó kọ ètò yẹn, níbikíbi tó bá wà, ọlọ́gbọ́n ni. Clipper fúnra rẹ̀ gbà pé ọdún tí o bá fi nọ́ńbà méjì tẹ̀ jẹ́ ti 1900 síwájú, tó fi jẹ́ pé 05 á di 1905. Ó ti fi SET EPOCH sí 1980, nítorí náà 80 sí 99 jẹ́ ti ọ̀rúndún tó kọjá, 00 sí 79 jẹ́ ti èyí tí a wà yìí. Ẹ̀yáwó kankan kò ṣìnà. Ọjọ́ ìbí nìkan ló jìyà: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bí ní 1952, tí wọ́n sì forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe yẹn, wọ́n wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọn yóò bí ní 2052. Ó yẹ kí n tún wọn ṣe nínú fáìlì tààrà, kì í ṣe iṣẹ́ tó le, ọjọ́ inú DBF jẹ́ létà mẹ́jọ lásán tó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún. Àwọn alàgbà náà ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ kánkán, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kí akọ̀wé àti akápò máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ F: padà wúlò. Ètò náà mọ bí a ṣe ń ti àkọsílẹ̀ pa kí ẹlòmíràn má baà kọ ọ́ lé e lórí, àmọ́ DOS ló gbọ́dọ̀ bá a mú ìlẹ̀kùn náà dání. dosemu2 ń ṣe èyí. Fèrèsé DOSBox lásán méjì tó ṣí DBF kan náà kò mọ ara wọn rí, àtọ́ka NTX ni yóò kọ́kọ́ dàrú, lẹ́yìn náà owó. Mo fi dosemu2 sórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, màmá akápò sì ń gba inú SSH, ọ̀nà tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà mìíràn láti ọ̀nà jíjìn, wọlé láti ara láptọ́ọ̀pù tiwọn. Àṣẹ dosemu -t máa ń ya ojú DOS sínú tẹ́mínà bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n, àwọ̀ búlúù àti yẹ́lò, F10 láti fi pamọ́.

Bí ẹ bá ní fáìlì PRG, ìyẹn àṣẹ tí ènìyàn lè kà tí wọ́n fi kọ ètò Clipper yín, ẹ lè má nílò gbogbo èyí. Harbour, kọ̀ǹpáílà ọ̀fẹ́ kan, máa ń sọ PRG di ètò Linux gidi, ó sì lè ka DBF àti NTX bó ṣe wà. Ẹgbẹ́ yìí kò ní PRG.

Èyí tí mi ò lè ṣe ni ti awọnlẹ̀ kan ní Abẹ́òkúta. Ètò ìṣirò ilẹ̀ tirẹ̀ ń wá kọ́kọ́rọ́ oníke kan tí wọ́n kì bọ ihò ìtẹ̀wé kó tó dìde. Ó ń fi báìtì kan sí kọ́kọ́rọ́ náà, ó ń retí èsì láàárín àkókò kan pàtó, kò sì sí ẹ̀rọ ayédèrú tí mo mọ̀ tó lè fi ohùn kọ́kọ́rọ́ náà fọhùn. Mo ní kó má ju kọ̀ǹpútà àtijọ́ rẹ̀. A ra páwà sọ́páì tòkúnbọ̀ fún un ní Computer Village, Ìkẹjà, mo fi àṣẹ dd ti Linux da gbogbo hard disk rẹ̀ kọ sínú fáìlì kan, mo sì kọ ọ́ sórí káàdì CompactFlash tí wọ́n fi adápítà IDE gbé dúró, torí pé hard disk náà ti ń kùn. Kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi téèpù dúdú wé e mọ́ ihò náà kí ẹnikẹ́ni má baà yọ ọ́.